Ibi Tí Ọ́ìlì Yóò Dúró Sí Lára Písítìnì

Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn agégi, àwọn awakọ̀ ojú omi àti àwọn tí ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnì ni, ṣùgbọ́n ó kan àpò gbogbo wa. Ẹni tí písítìnì ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá ń kú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún, ọmọ ẹni bẹ́ẹ̀ lè má rí owó ilé-ìwé san.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, iṣẹ́ igi jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Igi ń ti inú igbó wá, láti apá igbó ìpamọ́ Ọmọ tí J4 wà nínú rẹ̀, àti láti inú oko àwọn ènìyàn. Ẹ̀rọ ìgégi tí a ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú ni a fi ń gé e lulẹ̀. Ní Ogun Waterside, ní Ìwópin, ní Mákùn-Omi àti ní àwọn ìletò etí ọ̀sà, ẹ́ńjìnì tí a kọ́ sí ìdí ọkọ̀ ni ó ń gbé èrò àti ẹja lọ sí ọjà Ẹ̀pẹ́. Ní Àgọ́-Ìwòyè, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ pọ̀ sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré ni, èyí tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ sí "I pass my neighbour". Onígbàjámọ̀ ń lò ó, aránṣọ ń lò ó, ẹni tí ń bá ènìyàn gba iná sí fóònù náà ń lò ó. Ẹ̀rọ mẹ́ta yìí kò jọra lójú, ṣùgbọ́n inú kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ní. Ẹ́ńjìnì tú-sítíróòkù ni wọ́n.

Báwo ni ẹ ó ṣe dá a mọ̀? Ẹ wo bí ẹ ti ń fún un ní ọ́ìlì. Bí a bá ń da ọ́ìlì sí ìdí ẹ́ńjìnì náà lọ́tọ̀, tí a sì ní ọ̀pá tí a fi ń wò bóyá ó kún, kì í ṣe òun ni à ń wí. Bí ó bá jẹ́ pé inú epo bẹntírò gan-an ni ẹ ń po ọ́ìlì mọ́, òun nìyẹn. Ẹ̀yin ọlọ́kadà, púpọ̀ nínú alùpùpù tí ẹ ń gùn lónìí ti kúrò ní irú èyí, àfi ẹni tí ó bá ṣì ní Suzuki àtijọ́ tàbí Vespa bàbá rẹ̀ nílé. Ẹ jókòó tì wá náà, ẹ má lọ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo inú ẹ́ńjìnì yìí. Ẹ ronú nípa odó àti ọmọ odó. Sílíńdà ni odó, písítìnì ni ọmọ odó. Ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n odó tiwa yìí fún mọ́ ọmọ odó gidigidi. Àyè tí ó wà láàárín àwọn méjèèjì kò ju bí irun orí kan ṣe nípọn tó lọ. Nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ omi tí ń sá eré dé góńgó, ọmọ odó yìí lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ti ẹ̀rọ ìgégi lè ju 10,000 lọ. Ẹ pín 10,000 sí ọ̀nà 60, ẹ ó rí i pé ó ju ìgbà 160 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí ènìyàn tó ṣẹ́jú.

Nísàlẹ̀ písítìnì, yàrá kan wà tí kiráǹkì ń yí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró rí ní ilé alágbẹ̀dẹ, yàrá yìí ni ẹwìrì ẹ́ńjìnì. Bí písítìnì bá gòkè, ẹwìrì á fa afẹ́fẹ́ àti epo wọlé láti inú kabúrétọ̀. Bí ó bá sọ̀kalẹ̀, ẹwìrì á tì í gba ihò ẹ̀gbẹ́ sílíńdà lọ sí orí písítìnì. Níbẹ̀ ni púlọ́ọ̀gì yóò ti ṣáná sí i, iná á ti písítìnì wálẹ̀, èéfín á sì gba ojú ihò mìíràn jáde lọ sínú sálẹ́ńsà. Lọ sókè lẹ́ẹ̀kan, bọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iṣẹ́ parí. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní tú-sítíróòkù, ìyẹn ni ìrìn méjì. Òyìnbó kan, Joseph Day, tí ó ṣiṣẹ́ ní ìlú Bath ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó gba ìwé àṣẹ fún irú ẹ́ńjìnì oníẹwìrì yìí ní 1891. Ó ti lé ní 130 ọdún, ṣùgbọ́n ọgbọ́n ọjọ́ náà ni ó ṣì wà nínú jẹnẹrétọ̀ tí ń pariwo lẹ́yìn ilé yín.

Wàyí o, nítorí pé inú ẹwìrì ni epo ń gbà kọjá, a kò lè da ọ́ìlì sínú rẹ̀ kí ó dúró bí ó ti ń dúró ní ìdí ẹ́ńjìnì mọ́tò. Bẹntírò yóò gbé e lọ. Ohun tí wọ́n wá ṣe ni pé kí a po ọ́ìlì mọ́ bẹntírò. Bẹntírò tètè ń fẹ́ lọ, ọ́ìlì kì í tètè fẹ́. Nígbà tí àpòpọ̀ yìí bá wọ inú yàrá gbígbóná náà, bẹntírò á di oru, ọ́ìlì á sì kù bí ìrì: díẹ̀ lára kiráǹkì, díẹ̀ lára bíárìnì, díẹ̀ nínú ikùn písítìnì, díẹ̀ lára ògiri sílíńdà. Ìrì yẹn ni gbogbo ohun tí písítìnì ní láyé. Àwọn ẹ́ńjìnì kan wà tí ó ní páǹpù ọ́ìlì tirẹ̀, Yamaha bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú rẹ̀ sára alùpùpù ní 1964, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ́wọ́ wa níhìn-ín kò ní i.

Ìrì kì í pọ̀. Nítorí náà ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà dé ibi tí a ti ń fẹ́ ẹ, ó sì gbọ́dọ̀ rí ibi dúró sí nígbà tí ó bá dé. Gbogbo àtúnṣe rere tí a lè ṣe sí písítìnì kí ó lè pẹ́, orí nǹkan méjì yìí ni ó dá lé.

Ẹ ti mọ ìwé kà. Ẹ jẹ́ kí a fi bí a ti ń ka písítìnì kún un. Nígbà tí mẹkáníìkì bá yọ èyí tí ó ti kú, ẹ má jẹ́ kí ó sọ ọ́ sẹ́yìn ilé. Ẹ gbà á, ẹ nù ún, ẹ yí i lọ́wọ́ nínú oòrùn. Ẹ wá ẹ̀gbẹ́ tí ó kọjú sí sálẹ́ńsà. Ẹ̀gbẹ́ yìí ni òòrùn iná ń bá jà jù, nítorí pé èéfín gbígbóná ń gba ibẹ̀ jáde ní gbogbo ìgbà, epo tútù kì í sì í tètè dé ibẹ̀. Bí ẹ bá rí ìlà gígùn gígùn níbẹ̀, bí ẹni fi èékánná ya á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ́ìlì ni kò tó, tàbí kí ó jẹ́ pé epo tí ń wọlé kéré sí afẹ́fẹ́. Bí ìlà bá wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin písítìnì, a jẹ́ pé wọ́n tan ẹ́ńjìnì, wọn kò jẹ́ kí ara rẹ̀ yá, wọ́n fún un ní eré lójú ẹsẹ̀. Písítìnì, tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, ń wú ju irin sílíńdà lọ bí ó bá gbóná, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Ó wú kí ilé rẹ̀ tó fẹ̀, ó sì há síbẹ̀.

Bí ẹ bá wá rí i pé ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí epo ti ń wọlé, ni ó jẹ, tí ó ṣe ràkọ̀ràkọ̀ bí ẹni fi iyanrìn ha á, iyanrìn náà ni. Asẹ́ afẹ́fẹ́ ti ya, tàbí wọ́n ti yọ ọ́ sọnù. Ẹ̀yin agégi, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ìyẹ̀fun igi á dí asẹ́, ẹ̀rọ á máa hó, ọmọṣẹ́ á yọ asẹ́, á ní ẹ̀rọ ti wá ń mí dáadáa. Ó ń mí lóòótọ́, iyanrìn ni ó ń mí sínú.

Ọkọ̀ kan wà tí a mọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ní etí ọ̀sà Lẹ́kkí. Awakọ̀ rẹ̀ ra písítìnì mẹ́ta láàárín ọdún kan. Ìgbà kẹta, Ẹ̀pẹ́ ni ó ti ń bọ̀ nírọ̀lẹ́, ó kó àwọn ìyá alágbọ̀n ẹja mọ́kànlá. Nígbà tí ó dé agbami tí ènìyàn kò rí etí omi mọ́, ẹ́ńjìnì ké lẹ́ẹ̀kan, ó sì há gbọn-in. Kò sí àjẹ̀ nínú ọkọ̀. Afẹ́fẹ́ ń gbé wọn lọ, ilẹ̀ ń ṣú, àwọn ìyá ń ké pe orúkọ ọmọ wọn. Apẹja kan tí ó lọ wo àwọ̀n rẹ̀ ni ó rí wọn, tí ó fi okùn fà wọ́n dé èbúté. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì náà, a yẹ písítìnì wò. Ọ́ìlì inú epo rẹ̀ pé. Omi tí ń tu ẹ́ńjìnì lára kò dí. Ṣùgbọ́n ara písítìnì náà, níbi tí kò tíì ya, ń dán bíi dígí. Awakọ̀ fi yangàn fún wa pé mẹkáníìkì òun máa ń fi sáńpépà dán písítìnì tuntun kí ó tó fi sí i, kí ó lè máa yọ̀ geere. Ó ti ṣe é fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ fi etí sí èyí dáadáa, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ wa ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ mú písítìnì tuntun, ẹ fi èékánná yín ha ara rẹ̀ láti òkè wálẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ọ, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín ni ó yí i ká, ìkan lórí ìkan, bí ebè kékeré nínú oko. Àwọn tí wọ́n ṣe é mọ̀ọ́mọ̀ fi wọ́n síbẹ̀ ni. Inú poro ebè wọ̀nyí ni ọ́ìlì ń dúró sí. Bí òjò bá rọ̀ sórí àpáta, ṣé kì í ṣàn lọ? Ṣùgbọ́n bí ó bá rọ̀ sínú poro oko, á dúró, á mu ilẹ̀. Ẹni tí ó bá fi sáńpépà dán písítìnì ti sọ oko di àpáta. Àwọn písítìnì mìíràn ń bọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ dúdú kan lára wọn. Oògùn ìyọ̀ ni wọ́n fi kùn ún, ẹ má ha á kúrò.

Bákan náà ni ògiri sílíńdà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá fẹ̀ ẹ́ tán ní ọ̀dọ̀ àwọn tọ́nà, kò yẹ kí ó dán bíi dígí. Ó yẹ kí a rí ìlà wẹ́wẹ́ tí ó dábùú ara wọn, bí ẹni hun ẹní. Òkúta tí a fi ń họ ọ́ ni ó ń ṣe ìlà náà. Bí tọ́nà yín bá dá sílíńdà padà láìsí ìlà yìí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kí ó bá yín họ ọ́. Irin sílíńdà ni à ń sọ o. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi ni sílíńdà rẹ̀ jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n fi irin líle fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò nínú. Ìyẹn kò ṣeé fẹ̀, kò sì ṣeé fi òkúta yẹn họ. Bí ìbora náà bá ti ya dé ìsàlẹ̀, sílíńdà mìíràn ni kí ẹ rà. Ó dùn wá láti sọ bẹ́ẹ̀, nítorí kì í ṣe owó kékeré.

Nígbà tí a ń sọ̀rọ̀ fífẹ̀, ohun kan rèé tí ó ń jẹ owó yín. Ẹ kọ́kọ́ ra písítìnì ná, kí ẹ tó gbé sílíńdà lọ fún tọ́nà. Orí písítìnì ni wọ́n ń kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí. "STD" ni ti àkọ́kọ́. "0.25" fi ìdá mẹ́rin mílímítà kan fẹ̀ jù ú lọ. "0.50" fi ààbọ̀ mílímítà fẹ̀ jù ú lọ. Ẹ gbé písítìnì náà fún tọ́nà kí ó wọ̀n ọ́, kí ó sì fẹ̀ ilé rẹ̀ bá a mu. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ fẹ̀ sílíńdà, tí ó wá ń wá písítìnì kiri ọjà, bí ẹni tí ó gbẹ́ ihò ilẹ̀kùn kí ó tó wọn pákó ni. Bí àyè bá fẹ̀ jù, písítìnì á máa gbá ògiri, ẹ ó máa gbọ́ ọ. Bí ó bá fún jù, kò ní sí ibi tí ìrì ọ́ìlì yóò gbà.

Ohun mìíràn tún wà. Etí àwọn ojú ihò inú sílíńdà máa ń mú bí ọ̀bẹ lẹ́yìn fífẹ̀. Bí ríǹgì bá ń kọjá lórí etí mímú yìí, etí náà á máa fá ọ́ìlì kúrò lára rẹ̀, títí ríǹgì alára yóò fi kọ́ síbẹ̀ tí yóò ṣẹ́. Kí oníṣẹ́ fi fáìlì wẹ́rẹ́ tàbí òkúta kékeré pa etí yìí kú, gbogbo ihò, lókè àti nísàlẹ̀, ní ìwọ̀nba. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe é, nítorí pé oníbàárà kì í rí i.

Àwa náà mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín wá gbọ́ lónìí ni ọ̀rọ̀ lílu písítìnì ní ihò. A ti gbọ́ ọ lẹ́nu yín pé ẹni tí ó bá lu ihò sára písítìnì rẹ̀, ẹ́ńjìnì rẹ̀ kì í kú mọ́. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bù mọ́ ọn.

Nínú àwọn ẹ́ńjìnì kan, ojú ihò èéfín fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ṣe é fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan pín in sí méjì láàárín, kí ríǹgì má baà bọ́ sínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní afárá. Iná ń kọjá ní ọ̀tún afárá yìí, iná ń kọjá ní òsì rẹ̀. Kò sí ibi gbígbóná tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo sílíńdà. Afárá á wú, á yọ síta díẹ̀, á sì máa ha písítìnì ní ojú kan náà. Ibi yìí ni wọ́n ń lu ihò kéékèèké méjì sí lára písítìnì, níwájú afárá gan-an, ọ̀kan lókè ọ̀kan. Ikùn písítìnì kún fún ìrì ọ́ìlì. Bí písítìnì bá ń bọ̀ wálẹ̀, ẹwìrì á ti ìrì yìí gba ihò méjèèjì jáde, á sì nù ún mọ́ ojú afárá. Ọgbọ́n dáadáa ni. Àwọn tí wọ́n ń fi alùpùpù sáré ìje lókè òkun ti ń ṣe é ó pẹ́, àwọn tí ń ta písítìnì pàápàá sì máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí ó bá a wá.

Bí a ti ń ṣe é rèé. Oníṣẹ́ á kọ́kọ́ fi písítìnì sínú sílíńdà láìní ríǹgì, á gba ojú sálẹ́ńsà fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sí ibi tí afárá kọjú sí. Ihò àkọ́kọ́ á wà ní nǹkan bíi mílímítà 8 nísàlẹ̀ ojú ríǹgì ìsàlẹ̀. Èkejì á wà ní nǹkan bíi mílímítà 10 nísàlẹ̀ àkọ́kọ́. Kí ihò má ju mílímítà 2 lọ ní fífẹ̀, kí méjèèjì sì wà láàárín gbùngbùn ìlà afárá, kí wọ́n má yà sí ọ̀tún tàbí òsì. Lẹ́yìn tí dírílì bá jáde, kí ó fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ pa etí ihò kú nínú àti lóde, kí ó fi bẹntírò fọ písítìnì títí tí kò fi ní sí ẹyọ irin kan lára rẹ̀. Ẹyọ irin kan ṣoṣo tó láti ba gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́.

Bí ẹ́ńjìnì kò bá ní afárá ńkọ́? Ẹ má lu ohunkóhun. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgégi kò ní afárá ní ojú èéfín, bẹ́ẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ kékeré. Nínú irú wọn, bí písítìnì bá gòkè, ihò tí ẹ lu á wá kọjú sí ojú èéfín gbàgàdà. Ẹwìrì yóò máa fa èéfín wọlé níbẹ̀, tàbí kí epo tí ẹ fi owó rà máa gba ibẹ̀ sá lọ sínú sálẹ́ńsà. Agbára ẹ̀rọ á dínkù, ooru á pọ̀ sí i. A ti rí písítìnì ẹ̀rọ ìgégi kan rí tí wọ́n lu ihò mẹ́fà sí lára bí asẹ́ ògì. Olówó rẹ̀ ní ẹni tí ó lu ú sọ pé bí méjì bá dára, mẹ́fà á dára jù. Nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ omi, àwọn kan ní afárá, àwọn kan kò ní. Kí ẹ tó san owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí ó tú sálẹ́ńsà, kí ẹ̀yin fúnra yín yọjú wò ó.

Àmọ́ ṣá o, ihò kì í bí ọ́ìlì. Bí kò bá sí nínú epo, kò lè gba ihò jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìwé tí ó bá ẹ̀rọ wá máa ń kọ "50:1". Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ̀n epo 50 ni ti ìwọ̀n ọ́ìlì 1. Kẹ́ẹ̀gì wa tí ó wọ́pọ̀ ń gba lítà 25. Ìgò omi kékeré tí wọ́n ń tà ní gáréèjì jẹ́ 50 cl, ìyẹn ni ààbọ̀ lítà. Ìgò ọ́ìlì kan sí kẹ́ẹ̀gì kan, 50:1 nìyẹn. Bí ìwé bá ní "25:1", ìgò méjì ni. Ẹni tí ó bá ra epo lítà 5 péré, 10 cl ọ́ìlì ni tirẹ̀ fún 50:1. Ìwé Stihl, tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yin agégi ń lo ẹ̀rọ wọn, sọ pé 50:1 ni bí ọ́ìlì bá jẹ́ tiwọn, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ́ìlì tú-sítíróòkù ti ẹlòmíràn, kí ó jẹ́ 25:1. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín. Bí ó bá ti sọnù, ẹ wo ìdérí táǹkì, wọ́n máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ nígbà mìíràn.

Ọ́ìlì tí ó bá yàtọ̀ ńkọ́? Ọ́ìlì mọ́tò kò bá iṣẹ́ yìí mu, nítorí wọn kò ṣe é kí ó jóná. Á fi eérú sí orí písítìnì àti ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì tú-sítíróòkù ni kí ẹ rà. Ti ọkọ̀ omi tún yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ ìgégi: ara agolo ti ọkọ̀ omi ni ẹ ó ti rí "TC-W3", nítorí pé omi ni ó ń tu ẹ́ńjìnì yẹn lára. Ẹ̀rọ ìgégi, afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, ó ń gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń fẹ́ ọ́ìlì tí ó lè fara da ooru. Ní ti ọ́ìlì àlòkù dúdú tí mẹkáníìkì mọ́tò dà nù, tí àwọn kan ń rà ní owó pọ́ọ́kú, irin lílọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Ẹ fi kun igi ọgbà kí ikán má baà jẹ ẹ́. Ẹ má fún ẹ́ńjìnì.

Ẹlòmíràn á ní, "Bí ọ́ìlì bá dára tó bẹ́ẹ̀, èmi á dà á kún un dáadáa." Rárá. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, kò ní jóná tán. Á di èédú ní ojú èéfín, á lẹ ríǹgì mọ́ ojú rẹ̀, púlọ́ọ̀gì á máa tutù. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ọ́ìlì gbà nínú epo, bẹntírò kò sí níbẹ̀ mọ́, iná á wá gbóná sí i. Ẹ fi ìgò wọ̀n ọ́, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́. Kí ẹ sì máa gbọn kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ tó rọ epo sínú táǹkì.

Písítìnì tuntun dà bí ìyàwó tuntun, ẹ má tíì gbé gbogbo ẹrù ilé rù ú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ fi ọ́ìlì kún epo dé 25:1. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnì ṣiṣẹ́ ní eré ìwọ̀nba, ẹ máa yí eré rẹ̀ padà, ẹ pa á kí ó tutù, ẹ tún tàn án. Awakọ̀ ojú omi, ẹ máa rìn ní etí èbúté yín, ẹ má gbé èrò sọdá ọ̀sà lọ́jọ́ yẹn. Ẹ máa wo omi tín-ín-rín tí ẹ́ńjìnì ń tọ̀ jáde bí ọmọdé. Bí ó bá dáwọ́ dúró, ẹ pa ẹ́ńjìnì lójú ẹsẹ̀. Ewé olódòdó tí ó bo ojú omi, tí ilẹ̀ wa kò mọ̀ títí di nǹkan bí 1984, ni ó sábà máa ń dí i. Bí omi kò bá tu ẹ́ńjìnì lára, kò sí ọ́ìlì, kò sí ihò, tí ó lè gba písítìnì là.

Ó ku ohun kan tí ó jẹ́ tiyín, ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ báyìí. Bí wọ́n bá ń fi písítìnì sí i, ẹ dúró tì wọ́n. Àmì ọfà kékeré kan wà lórí rẹ̀. Sálẹ́ńsà ni ọfà náà gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí wọ́n bá fi ẹ̀yìn rẹ̀ síwájú, ẹnu ríǹgì á bọ́ sínú ojú ihò, á ṣẹ́. Kí wọ́n fi kílíìpù tuntun sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí wọ́n má lo ti àná. Lẹ́yìn náà, ẹ mú ìwé kékeré kan, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi písítìnì sí i, ìwọ̀n tí ó wà lórí rẹ̀, orúkọ ọ́ìlì tí ẹ ń lò, àti iye ìgò tí ẹ ń dà sí kẹ́ẹ̀gì. Ẹ fi ọ̀rá dì í, ẹ fi sínú àpótí irinṣẹ́. Bí písítìnì náà bá tún kú, ẹ kó òun àti ìwé yẹn wá sí kíláàsì, a ó jọ kà wọ́n.